Bernard Fagg: Òyìnbó Tó Fi Orí Amọ̀ Nok Han Ayé

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn àlejò kan tó fi ojú rẹ̀ ríran la fẹ́ sọ fún yín, lórí ilẹ̀ tí àwa náà ti jẹ́ àlejò. Orúkọ rẹ̀ ni Bernard Fagg.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síbí rò pé ìtàn ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1913, nígbà tí Lugard yan ibi tí wọn yóò kọ́ ìlú Kàdúná sí, tí ọkọ̀ ojú irin sì kó àwọn bàbá wa wá láti Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Kachia lọ sí ìhà Kwoi yóò dé ìletò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nok, ní ìjọba ìbílẹ̀ Jaba. Orúkọ ìletò yìí wà nínú ìwé ìtàn káàkiri àgbáyé. Ọ̀gbẹ́ni Fagg ló sì ṣe iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1915. Yunifásítì Cambridge ló lọ, níbi tó ti kọ́ nípa èdè àtijọ́ àwọn Gíríìkì àti Róòmù, tó sì tún kọ́ nípa bí a ṣe ń fi ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ mọ ìtàn wọn. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ nínú àwọn tí ń ṣàkóso ìlú, ó sì bá ara rẹ̀ ní Jos. Ọdún náà kan náà ni ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀. Òun náà wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà kó tó padà wá sórí òkè Jos.

Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ kùsà, nítorí láìsí kùsà, ìtàn yìí kò lè yé ènìyàn. Gbogbo àwọn tó dàgbà lára wa ló mọ̀ pé kùsà ló sọ Jos di ìlú ńlá, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ síbẹ̀ lọ ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ní 1942, àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Malaya mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ilẹ̀ Malaya yìí ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú kùsà wọn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọjú sí òkè Jos nìyẹn, tí ìjọba sì fi tipátipá kó nǹkan bí 100,000 ènìyàn láti àwọn ìgbèríko Àríwá wá fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wa ilẹ̀. Ìyà jẹ àwọn ènìyàn náà, ọ̀pọ̀ sì kú sẹ́nu rẹ̀.

Inú yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ odò àtijọ́ ni kùsà máa ń wà. Òjò ẹgbẹ̀rún ọdún ló fọ̀ ọ́ kúrò lórí òkè lọ sínú àfonífojì. Òjò kan náà ló gbá àwọn ère tí àwọn ará ìgbàanì fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi iná sun, lọ sínú odò kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá kùsà ni yóò kan ère. Ní 1928, ọ̀gá òyìnbó kan tó ní ibi ìwakùsà lẹ́bàá ìletò Nok, Dent Young, rí orí ọ̀bọ kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ó fà á lé àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwakùsà ní Jos lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn òkúta tí wọ́n ń fi han àlejò. Ọdún 15 ló fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti wá.

Nígbà tó di 1943, níbi ìwakùsà kan lórí òkè tó wà lókè Jemaa, wọ́n tún hú orí mìíràn jáde. Orí ènìyàn ni èyí. Akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé e lọ sílé. Nítorí pé àwọn ẹyẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé orí náà sórí igi láàárín oko iṣu rẹ̀ kó lè máa dẹ́rù bà wọ́n. Odidi ọdún kan ni orí tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún fi ṣọ́ iṣu. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ibi ìwakùsà náà rí i, tó rà á lọ́wọ́ akọ̀wé, tó sì gbé e wá bá Fagg ní Jos, bóyá nítorí ó ti gbọ́ pé ọmọkùnrin náà fẹ́ràn ohun àtijọ́.

Fagg gbé orí náà sọ́wọ́. Ó wo ojú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní igun mẹ́ta, ó wo bí wọ́n ṣe dá ihò sí ẹyinjú, sí ihò imú, sí etí àti ẹnu. Ọkàn rẹ̀ lọ sórí orí ọ̀bọ ọdún 1928 tó wà láàárín àwọn òkúta. Ibi tí wọ́n ti rí èkínní jìnnà sí ibi tí wọ́n ti rí èkejì dáadáa, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ló jọ pé ó mọ wọ́n. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ènìyàn kan ti gbé ilẹ̀ yìí rí, tí wọ́n mọṣẹ́, tí gbogbo wa sì ti gbàgbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an nìyí, a ó sì sọ ọ́ bí ojú tilẹ̀ ń tì wá. Kafanchan la ti lo apá kan nínú ìgbà èwe wa, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa ń ṣe, Kafanchan sì ni orítá ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Ní nǹkan bí 1980, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ń gbé nítòsí wa. Ó ní orí amọ̀ kan tó fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Orí náà kò ní àgbọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí ojú alààyè, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bà wá lálẹ́. Ọkùnrin oníṣòwò kan wá lọ́jọ́ kan, ó fún ìyá lówó tí kò ju owó ewúrẹ́ kan lọ, ó wá pe àwa ọmọdé pé kí a bá òun rù ú lọ sí gáréèjì. Àwa la rù ú. Kọ́bọ̀ márùn-ún ló fún wa, a sì fi ra kúlíkúlí. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí a rí àwòrán àwọn ère Nok nínú ìwé, ni a tó mọ ohun tí a gbé sórí lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Fagg. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó rí orí Jemaa rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ibi ìwakùsà pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àfọ́kù amọ̀, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ etí, kó má sọ ọ́ nù, kó fi tó òun létí. Ó ń lọ bá wọn níbi iṣẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lé ní 150. Orúkọ ìletò tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan ló fi pe gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú wọn wà káàkiri, àní títí dé Katsina-Ala ní ìhà odò Benue. Ní 1944, ó tún gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ àpáta kan ní Rop, lórí òkè Jos, ó sì rí ohun èlò òkúta tí àwọn ará ìgbàanì lò.

Ẹni tí kò bá tíì rí ère Nok rí, ẹ jẹ́ ká ṣàpèjúwe rẹ̀. Inú wọn ṣófo, ara wọn kò sì nípọn. Ihò tí wọ́n dá sí ojú àti ẹnu kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ó ń jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun ún, kó má baà bẹ́. Ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin kò ní bá wa jiyàn lórí èyí. Àwọn kan jókòó, wọ́n gbé àgbọ̀n lé orúnkún. Àwọn kan wọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti lọ́wọ́. Irun orí wọn ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹni tó lọ sóde ìyàwó. Orí wọn tóbi ju ara lọ, bí àwọn agbẹ́gilére wa náà ṣe máa ń ṣe é, nítorí pé orí ni olórí ara. Fagg sọ pé òun rí irú irun bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ènìyàn tó ń gbé àwọn òkè gúúsù Kàdúná nígbà ayé òun.

Ní 1947, ó fi iṣẹ́ àkóso ìlú sílẹ̀, ó di awalẹ̀pìtàn fún ìjọba, lábẹ́ Kenneth Murray. Murray yìí ti wà ní Nàìjíríà láti 1927, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni kó tó di olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn méjèèjì ló fi ohùn kan pariwo pé kí òfin wà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n máa kó ohun àtijọ́ jáde kúrò nílùú láìgba àṣẹ. Òfin náà jáde ní 1953.

Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní 1952, ni wọ́n ṣí músíọ̀mù Jos. Nítorí àwọn ère Nok ni Fagg ṣe jà kí wọ́n kọ́ ọ. Kò fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ sí Èkó. Ó fẹ́ kí wọ́n wà nítòsí ibi tí wọ́n ti hú wọn jáde. Àwọn tó mọ Jos nígbà tó dùn yóò rántí ọgbà náà àti àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀, tí ọmọ ilé ìwé àti aláṣọ ńlá jọ máa ń lọ wò. Sylvia Leith-Ross, obìnrin tó ti lé ní 70 ọdún, ló rin ìrìn àjò káàkiri láti kó ìkòkò amọ̀ onírúurú jọ fún wọn. Ní 1963, wọ́n dá ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà láti ilẹ̀ púpọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà yóò fẹ́ mọ̀ bóyá Fagg dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ó dé ibẹ̀. Ní 1949, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, William, gbẹ́ ilẹ̀ ní Abiri, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí orí amọ̀ ti jáde. Ẹ rántí pé ní 1938 ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi hú àwọn orí idẹ jáde, tí ẹnu ya àwọn òyìnbó. Ṣáájú ìgbà náà, Frobenius ará Jámánì ti dé Ifẹ̀ ní 1910, ó sì ń sọ kiri pé kò lè jẹ́ ènìyàn dúdú ló ṣe irú ère bẹ́ẹ̀, pé àwọn ará ilẹ̀ Gíríìkì kan ló ti wá síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ère Nok wà lára ohun tó pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, nítorí ó hàn gbangba pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ti ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn tipẹ́tipẹ́ kí Ifẹ̀ tó ṣe tirẹ̀. William Fagg, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ músíọ̀mù ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló rin ilẹ̀ Yorùbá kiri tó ń béèrè orúkọ àwọn agbẹ́gilére lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń rò pé iṣẹ́ ọnà wa kò ní olórúkọ.

Àwọn kan gbà pé láti Nok ni ọgbọ́n Ifẹ̀ ti ṣàn wá. Àwa ò ní gbèjà ìyẹn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì tíì rí afárá tó so wọ́n pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi ìyẹn bá àwọn tó ni ilẹ̀ jà.

Ní 1955, ní Birnin Kudu tó wà ní ìpínlẹ̀ Jigawa lónìí, Fagg rí àwòrán màlúù lára àpáta. Ó tún rí àwọn òkúta ńlá kan nítòsí rẹ̀ tí ara wọn ti jẹ nítorí lílù. Bí ènìyàn bá lù wọ́n, wọ́n á dún bí agogo. Ó kọ nípa wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú wọn níbi púpọ̀ ní Áfíríkà. Ẹ wo ọkùnrin yìí, òkúta tí darandaran ń jókòó lé, òun ń tẹ́tí sí i.

Ní 1957 ló di ọ̀gá àgbà lórí gbogbo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, ọdún náà kan náà tí wọ́n ṣí músíọ̀mù Oníkan ní Èkó. Lásìkò tirẹ̀ ni Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Poland tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri Nàìjíríà ní 1958, tó ń wọn àwọn ilé alámọ̀ wa, tó ń yà wọ́n sínú ìwé: àgbàlá àwọn ọba, ilé àwọn Haúsá, mọ́ṣáláṣí ńlá Zaria tí Babban Gwani kọ́ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ àwòkọ́ àwọn ilé náà sínú ọgbà músíọ̀mù Jos. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó wọ̀n ni a ti wó láti fi bíríkì rọ́pò, inú ìwé rẹ̀ nìkan ni wọ́n kù sí.

Ohun tó gbé iṣẹ́ Fagg dópin ni Taruga, ibì kan nítòsí Abuja ìsinsìnyí. Àwọn ère tó ti rí tẹ́lẹ̀, odò ló gbá wọn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n dúró sí nígbà ayé wọn. Ní Taruga, láàárín 1960 sí 1970, ó bá wọn nílẹ̀ ibi tí àwọn tó mọ wọ́n gbé. Ó tún bá iléru 13 tí wọ́n fi ń yọ́ irin, àti ìdàrọ́, àti ẹnu ẹwìrì. Wọ́n fi èédú tó wà nínú iléru wá ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló gbé ibẹ̀. Kí a tó bí Jésù ni àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ yìí ti ń yọ́ irin.

Nígbà tó yá, kì í ṣe Nàìjíríà ló ń gbé mọ́. Láti 1963 títí di 1975, ó ń ṣàkóso músíọ̀mù Pitt Rivers ní Oxford. Ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ kọ́ ilé tuntun ńlá kan tó rí róbótó, tí Nervi ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí, wọn kò kọ́ ọ. Ní Nàìjíríà, Ekpo Eyo di ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn ní 1968. Ìwé ńlá tí Fagg kọ lórí àwọn ère Nok jáde ní 1977.

A kò sọ pé kò ní àléébù. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni, lábẹ́ ìjọba tó fi tipátipá kó ènìyàn wa kùsà. Ohun tó sì dùn wá jù ni pé orúkọ àwọn ọ̀gá òyìnbó wà nínú ìtàn, ṣùgbọ́n lẹ́bùrà tó fi ọkọ́ kan orí Jemaa, àti akọ̀wé tó gbé e dúró sí oko iṣu tí kò jẹ́ kó fọ́, àwọn yìí kò ní orúkọ nínú ohun tí a kà. Ohun mìíràn tún ni pé bí òkìkí Nok ṣe ń kàn, bẹ́ẹ̀ ni iye owó tí wọ́n ń dá lé e lókè òkun ń ga, àwọn tó ń fi òru wa ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí 1999, ìjọba Faransé ra ère mẹ́ta tó jáde láti ilẹ̀ wa láìbófinmu, méjì nínú wọn ti Nok. Nígbà tó di 2002, wọ́n gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ni pé kí wọ́n wà ní Paris fún ọdún 25 gẹ́gẹ́ bí ohun tí a yá wọn.

Ní 2005 ni àwọn ọ̀mọ̀wé láti Frankfurt ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í bá iṣẹ́ Fagg lọ, tí wọ́n kọ́ ilé ìwádìí sí Janjala ní ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n fi hàn pé àwọn ère náà dàgbà ju bí Fagg ṣe rò lọ, pé nǹkan bí 900 sí 400 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n mọ púpọ̀ nínú wọn, pé wọ́n dìídì fọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni, lẹ́bàá ibojì àwọn òkú. Ní 2021, wọ́n tún rí àmì oyin nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n yẹ̀ wò. Ní 2017 ni àwọn ajínigbé kó méjì nínú àwọn òyìnbó náà ní Janjala, wọ́n sì pa àwọn ọmọ abúlé méjì tó sáré lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n padà tú àwọn òyìnbó náà sílẹ̀.

Bernard Fagg kú ní 1987, ní ẹni ọdún 71. William ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1992.

Músíọ̀mù Kàdúná, tí wọ́n ṣí ní 1975, wà ní òpópónà Ali Akilu. Ìjọba ti ṣòfin láti 1979 pé ẹni tó bá kan ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa ló ń ṣe iṣẹ́ bírikìlà, tí ẹ ń gbẹ́ kànga, tí ẹ ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní Kachia, Kagarko, Kwoi àti Kafanchan. Bí ọkọ́ yín bá kan amọ̀ sísun tó ní ojú, ẹ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi irin gbẹ́ ẹ, ẹ pe onílẹ̀ àti baálẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí músíọ̀mù. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, ẹ wá bá wa nílé, a ó jọ lọ.